Baba Ojúlówó àti Híítà Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fọwọ́ Kàn

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí Baba Ojúlówó ná, torí bí a ò bá kí i, yóò kí ara rẹ̀, tirẹ̀ yóò sì gùn ju tiwa lọ.

Baba Ojúlówó, ọkọ aya kan, ọkọ ọkọ̀ kan! Òjò ń pa aya, agbòjò wà lórí ọkọ̀. A-fi-sílíìkì-nu-bọ́nẹ́ẹ̀tì, a-fi-apá-ẹ̀wù-nu-imú. Ọmọ ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí, tó wá sọ ara rẹ̀ di àrólé àwọn onímọ́tò. Bí ẹ bá rò pé mo ń bu ọkùnrin náà kù ni, ẹ dúró kí ojú ọ̀run ṣú, kí ẹ wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ sáré lọ dáàbò bò.

Mọ́tò tó fi ń yangàn yìí dàgbà jù ú lọ. Aláwọ̀ ewé ni, iná iwájú rẹ̀ sì rí roboto bí ojú ẹni tí ẹnu yà. Fèrè rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ṣí láti inú, ti iwájú kì í ṣí láti ìta. Irin abẹ́ ìjókòó ti gún ìyàwó rẹ̀ nídìí títí tó fi jẹ́ pé tìmùtìmù lobìnrin náà ń gbé dání bí wọ́n bá ń ròde. Gbogbo ẹ̀ pátá, ọ̀rọ̀ kan ni Baba ní fún un: "Ojúlówó ni!"

"Irin yìí ti ya síkẹ́ẹ̀tì mi," ni ìyàwó wí lọ́jọ́ kan.

"Ojúlówó irin ni," ni Baba fèsì. "Irin yẹn kan náà ló gún ìdí àwọn ẹni ńlá ayé ọjọ́un. Ó yẹ kó o máa dúpẹ́ ni."

Òun alára ńkọ́? Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì, àtọwọ́dá. Dúdú irun rẹ̀, inú ìgò ló ti ń wá. Àní ohùn tó fi ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ níta kì í ṣe èyí tó fi ń béèrè oúnjẹ nílé. Bí a bá ní ká fi òfin ojúlówó yẹ Baba fúnra rẹ̀ wò, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹnu nìkan ni yóò ṣẹ́ kù.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò àtijọ́ a máa ṣe ìpàtẹ lọ́dọọdún lórí pápá kan létí ìlú. Ife tí gbogbo wọn ń lé níbẹ̀ ni Ife Àìfọwọ́kàn, èyí tí wọ́n ń fún mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ ohunkóhun lára rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti jáde nílé iṣẹ́. Ẹni tó bá gbà á ni yóò ṣáájú gbogbo mọ́tò yí ìlú ká, wọn yóò sì gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ògiri gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Baba ti ya àwòrán náà sílẹ̀. Ó ti ra férémù. Ife nìkan ló kù.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Yàrá iwájú ilé tó yẹ kó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ ni mọ́tò ń sùn; ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ wà, tí ẹni tó bá ń lọ sí ilé ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá. Obìnrin náà fara dà á. A máa sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé àwọn ọkùnrin mìíràn ń kó obìnrin wálé, mọ́tò ni tòun kó wálé, ó kéré tán mọ́tò kì í pe èèyàn níjà lórí omi. Ohun tí kò fara dà ni ọ̀rọ̀ híítà.

Mẹkáníìkì tó wá tún bíréèkì ṣe ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ó rí àpótí híítà tó ń mú inú ọkọ̀ móoru lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Baba, irú mọ́tò báyìí, asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń tẹ́ inú híítà wọn láyé ijọ́un, kí ooru má bàa jó ara ọkọ̀. Tó bá ti gbó, á máa kù bí ẹfun, fáànù á wá máa fẹ́ ẹ sí imú ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Èmi ò ní fọwọ́ mi tú u o. Ẹ pe àwọn tó níwèé àṣẹ ẹ̀, kí wọ́n wá wò ó."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Aránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó mọ orúkọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi asibẹ́sítọ́ọ̀sì di páìpù omi gbígbóná. Nígbà náà, á ti ibi iṣẹ́ dé ní funfun báláú bí ẹni tó bọ́ sínú ìyẹ̀fun, àwọn ọmọ á máa fi ìka kọ orúkọ sí i lẹ́yìn, gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó gbàgbé eruku. Eruku ò gbàgbé ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ ìjókòó ló wà. Ó ń sùn lórí àga, ó ń sọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Aránṣọ ló rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Títí di òní, bó bá rántí, inú a máa bí i ju bí ó ti ń sunkún lọ.

Lásìkò yìí gan-an ni ọmọ ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ wọn fún ìsinmi ilé-ìwé, ọmọbìnrin kan tí eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí bí rédíò bá kú nílé tó bá wà, kò sẹ́ni tó ń mọ̀. Iwájú mọ́tò Baba ni ibùjókòó rẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

"Baba wa," ni Aránṣọ pe ọkọ rẹ̀, "ẹ gbọ́ ohun tí mẹkáníìkì wí?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́."

"Yọ kí ni? Kí n yọ ẹ̀dọ̀fóró mọ́tò mi?"

"Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ni mò ń sọ."

"Ìyàwó, ṣé o mọ ohun tó ń jẹ́ ojúlówó?"

"Mo mọ ohun tó ń jẹ́ pósí."

Baba ní òwe ń bọ̀. Ó ní a kì í torí pé eṣinṣin bà lé adé ká ju adé sígbó. Aránṣọ ní kò sí òwe tó lè mí dípò èèyàn. Ó ní títí wọn yóò fi yọ nǹkan náà kúrò, òun ò ní wọ mọ́tò yẹn, ọmọ ò sì ní wọ̀ ọ́. Ó gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Ọ̀rọ̀ yẹn ká Baba lára, kì í ṣe nítorí ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ rí i, ó nílò ọmọ náà. Ó ti gbèrò rẹ̀ tán: ní ọjọ́ ìpàtẹ, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò wọ gáùn ayé àtijọ́, yóò jókòó síwájú mọ́tò pẹ̀lú fìlà onípèlé, yóò máa juwọ́ sáwọn adájọ́. Adájọ́ wo ni yóò wá láyà láti fi ife du irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Ó wa mọ́tò jáde lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ń gbé e lọ fún àwọn tó ń yọ ọ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló gbé e sí. Ó ní kí wọ́n bá òun pa irun òun láró, ó sùn lórí àga onígbàjámọ̀, ó jí, ó jiyàn bọ́ọ̀lù títí tí ohùn fi há a. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó so áńkáṣíìfù mọ́ imú, ó ń rìn wọlé tàgétàgé bí ẹni tó ti ojú ogun dé.

"Wọ́n ti yọ ọ́," ló wí.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ funfun látorí dẹ́sẹ̀. Wọ́n fomi rẹ ẹ́, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e lọ. Omi bọ́ lójú mi."

"Ife yín ńkọ́ báyìí?"

Baba gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n ń yà ní fọ́tò. "Kí ni ife jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ?"

Aránṣọ sunkún. Ó bu ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò fún un. Baba jẹ ẹran náà, ó fa egungun rẹ̀, kò sì há a lọ́fun. Obìnrin náà sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọkọ òun ti dàgbà, ó ti di èèyàn gidi nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó sì rán gáùn Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pẹ̀lú orin lẹ́nu.

Òtútù mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ. Lójú ọ̀nà, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní ọwọ́ òun ti kú. Aránṣọ ní kí Baba tan híítà, ó ṣáà ti di ohun tí kò léwu mọ́. Baba wúkọ́ díẹ̀, ó yí i sókè díẹ̀, ooru sì ń rọra jáde bọ̀. Ohun tó ya obìnrin náà lẹ́nu ni pé bí ooru ṣe dé, bẹ́ẹ̀ ni Baba sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀, ó na ọrùn síta, ó sì ń wakọ̀ lọ bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà.

"Baba wa, kí lẹ̀ ń wá níta nínú òtútù yìí?"

"Atẹ́gùn àárọ̀ dára fún awakọ̀."

"Àwa ńkọ́?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń wakọ̀ ni?"

Báyìí ni wọ́n ṣe dé pápá. Àwọn mọ́tò àtijọ́ tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ, olówó ibẹ̀ ń nu tirẹ̀, òtòṣì ibẹ̀ ń nu tirẹ̀. Baba wọ kóòtù onírù, fìlà gíga, ìbọ̀wọ́ funfun, ẹ̀wọ̀n aago kan lé ikùn rẹ̀ tí kò sí aago lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ síwájú, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó kìlọ̀ fún un pé kó máa rẹ́rìn-ín, kó má sì sọ̀rọ̀. Ìdajì ìkìlọ̀ yẹn lọmọ náà gbọ́.

Kò pẹ́ tí ìyá arúgbó kan fi ọ̀pá rìn wá sídìí mọ́tò náà. Agbẹ̀bí ni í ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ rẹ̀ ni Baba ti ra mọ́tò yìí lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú.

"Ẹ kú òtútù o, ọmọ mi. Mo ní kí n wá wo mọ́tò olóògbé mi. Ẹ ṣeun, ẹ tọ́jú ẹ̀. Híítà yẹn, ṣé ẹ—"

"Mama," ni Baba dá a lẹ́nu, "a kì í ta ewúrẹ́ tán ká tún di okùn ẹ̀ mú."

"Mi ò di okùn mú o. Mo kàn ní kí n sọ pé—"

"Kò sí ohun tẹ́ ẹ lè sọ fún mi nípa mọ́tò yìí tí n ò mọ̀. Ẹ lọ jókòó sábẹ́ oòrùn, àwọn adájọ́ ń bọ̀."

Ìyá Agbẹ̀bí wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní ó dáa, ó sì lọ jókòó. Aránṣọ, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀, bẹ ìyá náà pé kó máà bínú, ó sì gba ibi tí wọ́n ti ń ta tíì lọ láti ra ohun gbígbóná fún ọmọ.

Bí ó ti ń lọ ni àwọn adájọ́ ń dé. Olórí wọn jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi gíláàsì amóhuntóbi wo ìdí nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó di gbohùngbohùn mú wà, Olóhùn-Iyọ̀ ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ gbogbo ohun tó bá ń lọ fún èrò pápá. Ó ki gbohùngbohùn náà sí Baba lẹ́nu.

"Iná iwájú?" ni Olórí Adájọ́ bi í.

"Ojúlówó!"

"Fèrè?"

"Ojúlówó!" Baba tẹ̀ ẹ́. Ajá kan dáhùn lókèèrè.

"Ìjókòó?"

"Ẹ bi ìdí ìyàwó mi."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Inú Baba dùn dé ibi tó ń dùn dé. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lára ògiri.

"Híítà ńkọ́?"

Baba wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí ìyàwó rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí!"

Olórí Adájọ́ sọ gíláàsì rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó dáhùn, Baba. Tí wọ́n bá ti yọ nǹkan kan níbẹ̀, kò burú o."

"Ta ló máa yọ ọ́?" Ohùn Baba gba gbogbo pápá kan. "Ta lọ́mọ náà? Bí ilé iṣẹ́ ṣe tẹ́ ẹ sí i, bẹ́ẹ̀ ló wà! Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ojúlówó, kì í ṣe ayédèrú!"

Àwọn adájọ́ tó kù rọra fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀.

Ẹ̀rọ kan tó ń gbé ohùn gbohùngbohùn náà jáde wà lórí òpó níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta tíì. Inú rẹ̀ ni Aránṣọ ti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, kedere, bí ìgbà tó ń bá a sọ̀rọ̀ létí. Tíì gbígbóná dà sí i lọ́wọ́, kò mọ̀. Ó sáré. Obìnrin tí kò sáré láti ìgbà tó ti di ìyá àgbà, ó sáré kọjá láàárín mọ́tò, ó dé ìdí ilẹ̀kùn iwájú, ó fà á. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ti iwájú kì í ṣí láti ìta.

"Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ṣílẹ̀kùn! Ṣí i, ọmọ mi, ṣí i kíá!"

Ọmọ ṣí i láti inú. Aránṣọ gbé e jáde, ó gbé e lọ sẹ́yìn àwọn èèyàn, ó fi í lé Ìyá Agbẹ̀bí lọ́wọ́, ó sì padà wá dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

"Baba wa, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ẹ ní wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ sọ àwọ̀ aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún mi. Nísinsìnyí ẹ ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èwo ni irọ́ níbẹ̀?"

"Ìyàwó, jẹ́ ká délé."

"Ọmọ ò délé kó tó fa eruku símú. Èwo ni irọ́?"

Olóhùn-Iyọ̀ kò mú gbohùngbohùn kúrò. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Baba wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Olórí Adájọ́, ó wo ife tó ń dán lórí tábìlì. Ẹ wo bí ó ṣe rọrùn fún un tó.

"Ìwọ ni mo parọ́ fún!" ló kígbe. "Ẹ̀yin adájọ́, ẹ gbọ́ o! Ìyàwó mi ni mo parọ́ fún, ẹ̀yin ni mo sọ òótọ́ fún! Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo gbé mọ́tò sí lọ́jọ́ náà, ẹ lọ bi í!"

Ìkùnsínú gba orí pápá kọjá. Ìgbà náà lọ̀rọ̀ gíláàsì ọkọ̀ tí Baba sọ kalẹ̀ láàárọ̀ yé Aránṣọ, pé imú tirẹ̀ ni ọkùnrin náà kó síta, ó fi ti ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò sunkún. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni, ó ń wo ọkùnrin tó ti bá gbé láti ìgbà èwe bí ẹni tó rí àlejò nínú yàrá.

Baba rò pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ọ̀wọ̀ ni. "Kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́," ló wí, ó ki orí gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì yí fáànù dé òpin.

Híítà náà hú, ó wúkọ́, ó bì.

Ohun funfun kan tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bo Baba lójú, ó bò ó nímú, ó wọ ẹnu tó ṣí sílẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ fìlà àti irùngbọ̀n. Ẹni tó ń pariwo ojúlówó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò bá rí i bó ṣe fò sẹ́yìn.

"Ẹ gbà mí o! Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ti pa mí! Ẹ bá mi yọ ọ́! Ẹ yọ ọ́!"

"Ẹ fi sílẹ̀, ojúlówó ni!" ni ẹnì kan ké láàárín èrò, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Olóhùn-Iyọ̀ ju gbohùngbohùn sílẹ̀ sórí koríko, ó ti gbàgbé láti pa á, kò sì sí ibi tí ẹkún Baba kò dé lórí pápá náà.

Ẹni tí kò sá ni Ọ̀gá Ààbò, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó wọ ẹ̀wù pupa, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iná àti ìjàǹbá. Ó ti fi ìbòmú bo imú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè é.

"Ẹ má gbọn aṣọ yín o, Baba! Ẹ má fọwọ́ nù ún! Ẹ dúró gbọnin!"

Òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ ta ọ̀rá yí Baba ká. Wọ́n fọ́n omi sí i lára nínú òtútù yẹn títí ó fi ń gbọ̀n rìrì. Kóòtù onírù wọnú ọ̀rá. Fìlà gíga wọnú ọ̀rá. Ìbọ̀wọ́, ẹ̀wọ̀n tí kò láago, bàtà, gbogbo ẹ̀ wọnú ọ̀rá, wọ́n sì so ọ̀rá lẹ́nu. Aró orí Baba ṣàn wá sí ọrùn rẹ̀ ní dúdú, ewú rẹ̀ yọ sójú ayé. Aṣọ bébà funfun kan, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń jù nù, ni wọ́n fún un. Ó kúrú sí i lẹ́sẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Agbẹ̀bí dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó di Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mú lọ́wọ́ kejì.

"Ọ̀gá, ẹ fún mi láyè sọ̀rọ̀ wàyí, ó dà bí ẹni pé ó ti dé àsìkò. Kò sí asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú mọ́tò yẹn. Èmi àti olóògbé mi ti ní kí àwọn tó mọ̀ ọ́n yọ ọ́ láti ọdún gbọọrọ, kí àkọ́bí wa tó bímọ. Òwú onígíláàsì ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, wọ́n fi bébà fàdákà bò ó. Ọjọ́ tí ọmọkùnrin yìí wá rà á ni mo ti fẹ́ sọ fún un. Ó ní kí n má kọ́ òun ní mọ́tò. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó fi ewúrẹ́ dá mi lóhùn."

Ọ̀gá Ààbò ní ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń mọ irú nǹkan yìí. Ó rẹ ibẹ̀ lómi, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tú àpótí híítà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bébà fàdákà tàn wò wọ́n láti inú. Lórí rẹ̀ ni ìtẹ́ kan wà, tí wọ́n fi òwú inú ìjókòó, ègé ìwé ìròyìn àti èèpo ẹ̀pà kọ́. Ìyá èkúté kan yọjú láti àárín rẹ̀, ó wo Ọ̀gá Ààbò, ó wo àwọn adájọ́ tó ti ń rọra padà bọ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.

"Òwú ìjókòó ló bò yín, Baba," ni Ọ̀gá Ààbò wí. "Àti ìgbẹ́ èkúté. Mo ṣì máa mú díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò o. Títí èsì fi máa dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ mọ́tò yìí." Àwọn èèyàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá wé mọ́tò náà.

Ara Baba wálẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu kì í ṣe ọpẹ́, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ó yíjú sí Olórí Adájọ́ nínú aṣọ bébà.

"Ife mi ńkọ́?"

"Ẹ gbọ́, Baba," ni Olórí Adájọ́ dáhùn. "Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé ohun tí wọ́n bá yọ nítorí ìlera èèyàn, a kì í kà á sí ìfọwọ́kàn. A ti gbé òfin yẹn kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ ti fẹ̀gbẹ́ mọ́tò yín gbá a wó nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wọlé. Yàtọ̀ sí híítà, kò sí mọ́tò tó tó tiyín lórí pápá yìí. Ká ní ohun tẹ́ ẹ sọ fún ìyàwó yín lẹ sọ fún wa, ẹ̀yin lẹ nife."

Baba na ọwọ́ sí ife orí tábìlì.

"Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà pé májèlé wà nínú ọkọ̀ òun," ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń bá a lọ, "tó gbé ọmọ jókòó tì í, tó sì tan fáànù sí èrò lójú, síbí lásán, a ò lè fún un."

Onífáàrí kan tó ní ọkọ̀ akóbúrẹ́dì àtijọ́ ló gba ife. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ ń ta wọ́n.

Baba rìn dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, aṣọ bébà ń pariwo lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti rí ọ̀nà àbáyọ. Irú wọn kì í ṣaláì rí i.

"Ṣé o gbọ́ o? Kò sí i níbẹ̀! Òótọ́ ni mo sọ fún ẹ látìbẹ̀rẹ̀!"

Aránṣọ ń tún okùn fìlà ọmọ dì. Ó dì í tán kó tó dáhùn.

"Ẹ sọ òótọ́, ẹ ò sì mọ̀. Inú ohun tẹ́ ẹ rò pé ó ń pani lẹ gbé ọmọ yìí sí, ẹ wá yọ orí tiyín síta. Pé kò pa á, oore Ìyá Agbẹ̀bí ni. Tiyín kọ́."

Nígbà tí kò sí mọ́tò mọ́, bọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn wọ̀ lọ sílé. Aránṣọ, Ìyá Agbẹ̀bí àti ọmọ jókòó síwájú. Baba wà lẹ́yìn nínú aṣọ bébà, omi aró lọ́rùn, òwú díẹ̀ létí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti kó ẹrù rẹ̀, ó ti dìde. Èrò ń wò ó. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n dání bi Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pé kí ló ṣe bàbá tó wà lẹ́yìn yẹn.

Ẹ sì mọ ọmọ náà. Ó dìde dúró lórí ìjókòó kí gbogbo ọkọ̀ lè gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹkáníìkì. Ó sọ ti onígbàjámọ̀, ó sọ ti ẹran, ó na ọrùn jáde láti fi hàn wọ́n bí Baba ṣe wakọ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì pa rédíò rẹ̀. Nígbà tó dé ibi èkúté, àwọn kan ti ń fi aṣọ nu ojú, ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọmọ dákẹ́, bí ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí lọ́kàn, ó sì yíjú sẹ́yìn.

"Bàbá àgbà, tó bá jẹ́ pé asibẹ́sítọ́ọ̀sì yẹn wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín dúró. Gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì yí ọrùn padà, wọ́n ń dúró de ìdáhùn. Aránṣọ náà yíjú sẹ́yìn, ó ń dúró.

Baba Ojúlówó kọjú sí fèrèsé, ó ń wo ìta títí bọ́ọ̀sì fi dé ibi tí wọ́n ti máa bọ́ sílẹ̀.